Níbo Ni Àyè Wà? Ọ̀rọ̀ Lórí Iṣẹ́, Eré Ìdárayá àti Ohun Tó Ń Dùn Mọ́ Wa

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ohùn alẹ́ Sátidé, fún àwọn tí kò ráyè gbọ́ ọ tàbí tí dátà wọn ò gbé e.

   

Ìbéèrè kan ni arábìnrin wa kan bi mí níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun náà ni wọ́n ní kí n wá dáhùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ń ṣe eré ìdárayá, ẹ tún ń kọ́ gángan. Èmi tí mo bá délé lálẹ́, agbára àtibọ́ bàtà gan-an kì í sí mọ́. Níbo lẹ ti ń rí àyè?"

Ìbéèrè gidi ni. Mi ò ní dáhùn bí àwọn tó máa ń sọ pé ká jí ní aago mẹ́ta òru. Ara kì í ṣe òkúta. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àyè wà, àmọ́ kì í ṣe ibi tá a ti ń wá a ló wà. Ohun tó sì ń jẹ wá lákòókò jù, kì í ṣe iṣẹ́ gan-an. Ìbínú iṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Ìṣirò owó niṣẹ́ mi, ẹ má bínú. Ọ́fíìsì wa ń ṣí ní aago mẹ́jọ, à ń ṣíwọ́ ní aago márùn-ún. Wákàtí 9 lójúmọ́ nìyẹn, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó di 45. Àlọ àti àbọ̀ ń gbà tó wákàtí 3 lójúmọ́, ó di 15. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ 60. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Tá a bá sun wákàtí 7 lóru kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kó 49 lọ. Ó ku 59. Wákàtí 59 yìí la máa fi jẹun, la máa fi wẹ̀, la máa fi gbọ́ ti ọmọ àti ti ẹnì kejì wa, la máa fi lọ sọ́jà, la máa fi lọ jọ́sìn. Kò pọ̀, àmọ́ kì í ṣe òfo.

Kí ló wá dé tó fi máa ń dà bíi pé kò sí ìṣẹ́jú kan tó jẹ́ tiwa? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé nǹkan ò rọgbọ níbi iṣẹ́ mi. Owó oṣù máa ń pẹ́. Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá lé mi lórí. Ọ̀gá àgbà wa a máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́ pé òun fẹ́ ìwé ìṣirò kan kílẹ̀ tó mọ́. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, torí kì í ṣe ẹjọ́ ni mo wá rò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tírú nǹkan báyìí ń ṣe fún èèyàn. Nínú bọ́ọ̀sì, à ń bá ọ̀gá jà nínú ọkàn wa. Nídìí oúnjẹ, à ń rò ó fún ìyàwó. Lórí bẹ́ẹ̀dì, à ń wá èsì tó yẹ ká fún un. Ọ́fíìsì ti pa dé ní aago márùn-ún, àmọ́ nínú orí wa, aago mọ́kànlá ló ń pa dé. Wákàtí mẹ́fà nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò sanwó rẹ̀ fún wa.

Ẹ̀jẹ̀ mi ló pè mí sí àkíyèsí. Lọ́dún tó kọjá, àwọn nọ́ọ̀sì wá wọn ìfúnpá fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tèmi jẹ́ 148 lórí 96. Tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń tó 140 lórí 90 tàbí tó kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń pè é. Mo lọ sílé ìwòsàn, wọ́n tún un wọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Dókítà ní kí n dín iyọ̀ àti mágí kù, kí n máa rìn dáadáa, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ọmọ ọdún 41 ni mí. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá mi lọ, kò tíì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàárí ni mo ń bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí eré ìdárayá. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Èyí ni irú èyí tí èémí á yá díẹ̀, tá a ṣì lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí orin kíkọ á nira. Wọ́n tún ní ká ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé kó tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan kó tó wọnú ìṣirò. Wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò. Ìṣẹ́jú márùn-ún wà nínú ìṣirò. Àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ gùn wà nínú ìṣirò. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Tá a bá pín 150 sí ọjọ́ márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni. Níbo ni mo ti rí i? Ẹ̀yin ará ọ̀nà Nyanya àti Mararaba, ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Ẹni tó bá jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ti wọ gó-sílò nìyẹn. Torí náà, aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni mo ń jáde, màá sì dé àárín ìlú kí aago méje tó lù. Ọ́fíìsì ò ní ṣí títí di aago mẹ́jọ. Kí ni ọ̀pọ̀ wa ń fi wákàtí yẹn ṣe? À ń gbé orí lé tábìlì, tàbí à ń fọwọ́ fa ojú fóònù. Ibẹ̀ ni mo fi ìrìn mi sí. Màá sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ méjì ṣáájú tiwa, màá wọ bàtà kánfáàsì, màá sì rìn kánmọ́kánmọ́. Tówẹ́ẹ̀lì kékeré kan àti ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn wà nínú báàgì mi. Tí mo bá dé ọ́fíìsì, màá fomi nu ara, màá pààrọ̀ aṣọ, ó parí. Mi ò yọ ìṣẹ́jú kan nínú àkókò ìyàwó àti ọmọ mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kí n tó wẹ̀ lálẹ́, màá lóṣòó kí n tún dìde nígbà 20, màá ṣe push-up 10, màá sinmi díẹ̀, màá tún un ṣe títí á fi di ẹ̀ẹ̀mẹta. Kì í gbà tó ìṣẹ́jú 15. Mi ò sanwó jíìmù fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin obìnrin wa, mo mọ̀ pé rírìn nìkan láàárọ̀ kùtù ní ewu tirẹ̀ nílùú yìí. Ẹ wá ẹnì kejì, ẹ jẹ́ kílẹ̀ mọ́ dáadáa, tàbí kẹ́ ẹ fo okùn nínú yàrá. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku bá bo Àbújá, èmi náà kì í rìn níta, àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ni mo ń gùn. Ẹni tó bá sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má tìtorí ọ̀rọ̀ mi dá a dúró o. Dókítà yín lẹ máa bi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó wá sí 134 lórí 86. Kì í ṣe ìrìn nìkan ló ṣe é, iyọ̀ tá a dín kù náà wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ló yẹ kẹ́ ẹ kí fún ìyẹn.

Ó wá kan gángan. Ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ ò tíì wọlé ló ń lu ìlù?" Èmi ní òun gan-an ló yẹ kó lù ú. Tẹ́ ẹ bá ti gbé gángan sábẹ́ apá rí, ẹ ó mọ̀ pé ọwọ́ kan ló ń fún ọsán ìlù náà, èkejì ló ń fi kọ̀ǹgọ́ lù ú. Téèyàn bá fún ọsán ju bó ṣe yẹ lọ, ohùn òkè á jáde níbi tó ti ń wá ohùn àárín, ọ̀rọ̀ á sì yí padà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ìlù á tú u fó lójú ẹsẹ̀. Fún wákàtí kan yẹn, kò sáyè fún ìjà ọ́fíìsì nínú orí mi, kò kàn lè wọlé ni.

Ilé tá à ń gbé, yàrá kọjú sí yàrá ni, aládùúgbò sì nílò ìsinmi. Nítorí náà, ọ̀sán Sọ́ńdè nìkan ni mo ń lù ú, láti aago mẹ́rin sí aago márùn-ún. Lálẹ́ Ọjọ́rú, mo kàn ń gbọ́ ohùn tí bàbá tó ń kọ́ mi fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn, màá sì máa fẹnu sọ bí ìlù ṣe ń sọ. Ọmọ mi obìnrin máa ń jókòó tì mí. Àbújá la bí i sí, Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹnu ìlù yìí ló fi wá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín igbá, igba àti ìgbà. Èmi ò pète ìyẹn o, ó kàn ṣẹlẹ̀ ni.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní, "Gbé e lọ sóde àríyá, wọ́n á náwó fún ẹ." Mo ní rárá. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àyàn, iṣẹ́ wọn ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí èmi bá gba kọ́bọ̀ kan lórí rẹ̀, ó ti di iṣẹ́ kejì nìyẹn. Á ní ọ̀gá, á ní aago, á ní ìbínú tiẹ̀. Mo fẹ́ nǹkan kan láyé yìí tí ẹnikẹ́ni ò lè pè mí fún ní aago mẹ́wàá alẹ́. Bí ọjà ṣe rí lónìí, ẹni tó bá nílò owó kún owó, kó wá iṣẹ́ kún iṣẹ́, kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀. Kó ṣáà máa pè é ní iṣẹ́. Kó má pè é ní ìsinmi.

Àmọ́ ẹ má gbọ́ mi lódì. Tó bá jẹ́ pé à ń rìn, à ń lùlù, kí ara wa lè gba ìyà sí i ni, a jẹ́ pé ọ̀gá wa là ń bá tọ́jú ara. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ohun mẹ́ta ni mo ṣe nípa iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Èkíní, ìwé kékeré kan wà lápò mi. Nínú bọ́ọ̀sì àbọ̀, màá kọ ohun tó bí mi nínú lọ́jọ́ náà, kò gbọ́dọ̀ ju ìlà márùn-ún lọ. Tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ ní Nyanya, mo ti pa ìwé náà dé. Ìyàwó mi máa ń gbọ́ tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà, ó kan ọ̀rọ̀ tiẹ̀ náà.

Èkejì, mo lọ bá ọ̀gá àgbà nínú yàrá rẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, èsì á ti wà lórí tábìlì yín." Kò dáhùn, ó kàn wò mí. Ó ṣì ń fi ránṣẹ́ nígbà míì. Èmi náà ṣì ń dáhùn láàárọ̀. Títí di òní, ilé ò tíì tìtorí ẹ̀ wó.

Ẹ̀kẹta, mo fún ara mi ní gbèdéke. Ìwé kékeré yẹn ló jẹ́ kí n rí i pé ohun kan náà ni mò ń kọ lóṣooṣù: owó tó pẹ́ àti ipò tí wọ́n fi dù mí. Ohun tó bá ń padà wá báyìí, kì í ṣe ìbínú ọjọ́ kan, ìṣòro ibi iṣẹ́ náà ni. Mo ti fi ìwé ìwáṣẹ́ ránṣẹ́ síbi mẹ́rin. Tó bá di oṣù Kejìlá tí nǹkan kan ò yí padà, màá jókòó pẹ̀lú ìyàwó mi, a ó ka owó tó wà nílẹ̀, a ó sì pinnu. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Owó iléèwé wà, owó ilé wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ ló lè ronú nípa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìfi ìbínú jáde.

Torí náà, àbúrò mi tó béèrè, má tíì ra bàtà, má tíì wá jíìmù. Láti Ọjọ́ Ajé, fi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ara rẹ. Wo ibi tí ìdúró lásán wà nínú ọjọ́ rẹ, ìyẹn ibi tí o ti ń dúró de ọkọ̀, de ọ́fíìsì, de ọmọ níléèwé. Fi ìrìn sí ọ̀kan nínú wọn. Lẹ́yìn náà, mú wákàtí kan péré nínú ọ̀sẹ̀ fún ohun tó ń dùn mọ́ ọ, ì báà jẹ́ ayò, ì báà jẹ́ aṣọ hínhun, ì báà jẹ́ orin. Sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n bá ọ ṣọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ tí ohun gbogbo bá dàrú, ṣe ìdajì. Tí ìdajì ò bá ṣeé ṣe, ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ọ̀nà má bàa dí.

Ẹni tó bá ti rí àyè tirẹ̀, kó fi ohùn ránṣẹ́ síbí, ká lè kọ́ lára rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ẹ̀mí wa, á sì fún wa níṣẹ́ tó ń mówó wá tí kì í mú àrùn wá. Ó dàárọ̀ o.