Nọ́ńbà Ilẹ̀kùn Ni Ká Fi Bẹ̀rẹ̀: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ayàwòrán-ilé Tó Fẹ́ Fi Kọ̀ǹpútà Dín Iṣẹ́ Kù

Bí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán-ilé bá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà lè máa yàwòrán fúnra rẹ̀, òrùlé oníkọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n ń sáré lọ yà. Ó wu ojú, mi ò bá wọn jà. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń pa wá lára ní ọ̀fíìsì kì í ṣe òrùlé. Iṣẹ́ àṣetúnṣe ni: fífún ilẹ̀kùn ní nọ́ńbà, kíkọ orúkọ yàrá, títo ojú ewé pílánù.

Èrò pé kí kọ̀ǹpútà gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ti pẹ́. Ní 1963, Ivan Sutherland gbé Sketchpad jáde ní MIT ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń lò ó á fi gègé oníná yàwòrán sójú ẹ̀rọ. Bó bá yí ìyá àwòrán padà, gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ á yí tẹ̀lé e. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ bá kọ̀ǹpútà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ kóòdù kọ. Kóòdù ni Brady Peters kọ nígbà tí ilé iṣẹ́ Foster + Partners ń ṣètò òrùlé gíláàsì tó bo àgbàlá Smithsonian ní Washington. Ọdún 2007 tí wọ́n ṣí àgbàlá náà ni David Rutten ti ilé iṣẹ́ McNeel gbé ohun tó di Grasshopper jáde, tó ń bá Rhino, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́. Ní 2011, Ian Keough bẹ̀rẹ̀ Dynamo, tó ń bá Revit, ètò ìyàwòrán-ilé, ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀.

Nínú Grasshopper àti Dynamo, dípò kóòdù, àpótí kéékèèké lẹ máa tò sójú kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì fi wáyà so wọ́n pọ̀. Ohun tó bá jáde lápá ọ̀tún àpótí kan ló ń wọ apá òsì èkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìwòsàn onílẹ̀kùn 60. Tó bá jẹ́ ọwọ́ la fi ń ṣe é, ẹnì kan á jókòó, á máa tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa bá ní ká yọ yàrá kan, nọ́ńbà dàrú nìyẹn. Nínú Dynamo, àpótí kan á kó gbogbo ilẹ̀kùn jọ, òmíràn á wádìí ibi tí wọ́n dúró sí, òmíràn á tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún, èyí tó kẹ́yìn á kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Yàrá kúrò? Ẹ tún un tẹ̀.

Ibi tó ti le rèé. Ká ní inú àtòjọ Excel la ti ń kó nọ́ńbà náà wá, àmọ́ tó jẹ́ pé 58 péré ló wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá yí ìlànà ìsopọ̀ rẹ̀ padà, Dynamo á fún ilẹ̀kùn 58 ní tiwọn, á sì fi méjì sílẹ̀ lófìfo. Grasshopper ní tirẹ̀ á máa tún èyí tó kẹ́yìn lò, ilẹ̀kùn mẹ́ta á wá máa jẹ́ 58. Àpótí tó bá ní ìṣòro máa ń yí àwọ̀ padà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn yìí, àwọ̀ kankan kò ní yí, torí pé lójú ẹ̀rọ, kò sí ohun tó ṣe. Àtòjọ ilẹ̀kùn tó lábùkù yẹn náà ló máa dé ọwọ́ káfíńtà àti ẹni tó ń ra kọ́kọ́rọ́.

Bí ilé náà bá sì jẹ́ alájà méjì ńkọ́? Bí ẹ bá to àwọn ilẹ̀kùn láti òsì sí ọ̀tún láìkọ́kọ́ pín wọn sí àjà, nọ́ńbà 12 lè wà nísàlẹ̀, kí 13 wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Pípín wọn sí àjà ló ń bí àtòjọ tó wà nínú àtòjọ: ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ yìí wà gan-an, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń pa á tì. Wáyà kò ṣòro. Èèyàn lè mọ̀ ọ́n so láàárín ọjọ́ kan.

Àwọn kan ní pé wáyà ti mú kíkọ kóòdù kúrò. Mi ò gbà. Ìlà bíi mélòó kan nínú Python, èdè kóòdù kan, lè ṣe iṣẹ́ tí àpótí ọgbọ̀n ń ṣe, àwọn tó dá irinṣẹ́ méjèèjì sílẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi àyè Python sí wọn. Ẹni tó bá ń gba iṣẹ́ àṣeparí ẹlòmíràn wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìlóye rẹ̀, a jẹ́ pé ó ń fọwọ́ sí ìwé tí kò kà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ máa lówó Revit. Ọ̀fẹ́ ni Dynamo Sandbox, kò sì nílò Revit kó tó kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ àtòjọ. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ kọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà sínú ìwé ní Yorùbá tó já gaara. Ìgbésẹ̀ tí ẹ kò bá lè kọ, ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n nìyẹn. Bí ẹ bá sì so wáyà tán, ẹ ka iye tó wọlé àti iye tó jáde kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.