Oògùn Ìrora àti Ìlù Ọkàn

Bí a bá dárúkọ àwọn oògùn ìrora líle, irú bíi morphine, codeine, tramadol àti methadone, èémí ni àwọn oníṣègùn máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Òótọ́ sì ni: ẹni tí ó bá lo àlòjù wọn, èémí rẹ̀ yóò máa falẹ̀ títí yóò fi dúró. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn tún ní ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà pani. Inú ọkàn ni ọ̀nà náà gbà.

Ọkàn kì í ṣàdédé lù. Iná kékeré kan ní í máa ń gba ara ẹran rẹ̀ kọjá kí ó tó fún pọ̀. Bí ó bá sì fún pọ̀ tán, ó ní láti sinmi kí ó tó tún lù. Ní àkókò ìsinmi yìí ni èròjà pọtásíọ̀mù máa ń gba àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì ọkàn. Ihò wọ̀nyí gan-an ni methadone máa ń dí. Bí wọ́n bá ti dí, ìsinmi náà yóò gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ìlù mìíràn bá sì já lu ìsinmi tí kò tíì parí, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lásán, láìlè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú. Ní 1966, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, François Dessertenne, ṣàpèjúwe ìlù ségesège yìí, ó sì pè é ní torsades de pointes, nítorí pé ṣe ni ìlà rẹ̀ ń lọ́ bí okùn lórí bébà.

Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí lè ṣubú lójijì, kí ara rẹ̀ máa gbọ̀n, kí àwọn ará ilé sì pè é ní wárápá. Yorùbá a máa sọ pé àyà ẹni já nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Àyà tí ń já níhìn-ín kò mọ ẹ̀rù rárá. Ẹni tí ó ni ín lè má tilẹ̀ fura. Ẹ̀rọ tí ń ya ìrìn iná ọkàn sórí bébà ni ó lè tú àṣírí náà ṣáájú. Bí àkókò tí àwọn oníṣègùn ń pè ní QT bá ti kọjá ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ewu ti súnmọ́ tòsí.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sọ pé kí a kó methadone dànù. Ní 1965, Vincent Dole àti Marie Nyswander kéde ní New York pé ó ń ran àwọn tí heroin ti di bárakú fún lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó sì ti gbà là láti ìgbà náà. Ibi tí ó ti ń tanni jẹ ni pé ìrora lè padà dé lẹ́yìn wákàtí 4 sí 8, nígbà tí oògùn náà ṣì wà lára fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Aláìsàn a tún gbé òmíràn mì, àṣẹ́kù àná a sì máa gun orí ti òní. Ní 2006, àjọ tí ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí ìkìlọ̀ líle nípa èémí àti ìlù ọkàn wà lára rẹ̀.

Ti propoxyphene tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1957 ni wọ́n ti ń tà á ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kọkànlá 2010 ni wọ́n tó mú un kúrò lọ́jà, nígbà tí ìwádìí fi hàn pé ìwọ̀n tí dókítà ń kọ fúnni pàápàá ń da iná ọkàn rú.

Morphine kì í sábà fọwọ́ kan ìsinmi ọkàn lọ́nà yìí. Tramadol ní tirẹ̀, bí a bá lò ó ní àlòjù, a máa mú ọkàn sáré, a sì máa fa gìrì. Àdàlù ni ó tún ń fẹ ewu methadone lójú: oògùn ibà bíi quinine àti halofantrine, àti erythromycin, náà ń fa ìsinmi ọkàn gùn, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì sì ń gbọ́n pọtásíọ̀mù dànù kúrò lára.