Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Ìwé?

Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, Ògùn àti Àbújá. Ẹni tó mọ Ṣómólú l'Ékòó mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń jí àwọn ará òpópónà Bajulaiye. Kòrónà pa ẹ̀rọ wọ̀nyẹn lẹ́nu mọ́. Àpéjẹ tó dáwọ́ dúró kó ìwé ìpè àti ìwé ètò ìsìnkú lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì kó ìwé ìdánwò lọ. Ẹni tó ń gé bébà, ẹni tó ń di ìwé, ọmọ tó ń fi ọmọlanke kó ẹrù, owó òòjọ́ ni gbogbo wọn ń jẹ.

Gómìnà Èkó, Babajide Sanwo-Olu, ti kéde oúnjẹ ìrànwọ́ fún 200,000 ìdílé: ìrẹsì, gàrí, ẹ̀wà, búrẹ́dì, ata gígún. Wọ́n ṣírò ẹni mẹ́fà fún ìdílé kan, oúnjẹ ọjọ́ 14. Àmọ́ ta ni wọ́n ń pè ní ìdílé ní Bàrígà, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ayálégbé kún yàrá kọ̀ọ̀kan? Ọmọṣẹ́ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ ńkọ́? Àwọn olórí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) tí wọ́n kó ẹrù fún ni wọ́n ní kó dáhùn. Àwọn náà ni aráàlú sì bú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fún wọn ní ìwé tí orúkọ gbogbo àdúgbò wà nínú rẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Buhari bá ará ìlú sọ lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin, ó ní ìdílé mílíọ̀nù 2.6 ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tálákà, àti pé wọn yóò sọ ọ́ di mílíọ̀nù 3.6 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ tálákà ìgboro? Mínísítà ọ̀rọ̀ ìrànwọ́ aráàlú nígbà náà, Sadiya Umar Farouq, ní àwọn yóò wo ẹni tó ń ra káàdì fóònù náírà 100 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Onítẹ̀wé tó ń ra káàdì náírà 1,000 ní oṣù Kìíní láti fi pe oníbàárà, tí kò rí iṣẹ́ ní oṣù Kẹrin, olówó ni lójú ẹ̀rọ.

Ìjọba Amẹ́ríkà ò ní irú wàhálà yìí pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n kéde owó ìrànwọ́ àgbẹ̀ lọ́jọ́ 17 oṣù kan náà, bílíọ̀nù 16 dọ́là tí wọ́n fẹ́ san fáwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́, ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ oko tó wà káàkiri àwọn àgbègbè ti mọ ẹni tó lóko, ibi tí oko wà àti ohun tó ń gbìn. Apẹja Ìlàjẹ létí ọ̀sà Bàrígà ńkọ́? Àwọ̀n àti ọkọ̀ rẹ̀ wà lójú omi, gbogbo ayé ń rí i láti orí afárá, kò sì sí nínú ìwé kankan.

Ẹni tó bá ní Áfíríkà ni kò jẹ́ ó ṣeé ṣe, kó wo Tógò. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹrin náà ni wọ́n gbé ètò owó ìrànwọ́ kan tó ń jẹ́ Novissi jáde. Nígbà náà, èèyàn kàn ń tẹ *855# lórí fóònù kékeré, á sì fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sí i. Iṣẹ́ tí oníkálukú ní òun ń ṣe nígbà tó ń gba káàdì náà ni wọ́n fi mọ alágbàṣe àti oníṣẹ́ ọwọ́. Obìnrin ń gba 12,250 sẹ́fà lóṣù, ọkùnrin 10,500, inú fóònù náà lowó sì ń wọlé sí. Ìwé tí wọ́n kọ tìtorí ìbò ni wọ́n yí lò. Ọgbọ́n náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní tiwa, oṣù Kẹwàá ni ètò ìrànwọ́ Survival Fund ti ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti onímọ́tò sílẹ̀: náírà 30,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, fún 333,000 èèyàn ní gbogbo Nàìjíríà. Ó ti tó oṣù márùn-ún nígbà náà tí wọ́n ti dẹ okùn kónílé-ó-gbélé l'Ékòó.