Eku Igbó àti Àrùn Tí Ojú Kò Rí

Ọmọ àgbẹ̀ Ẹ̀gùá kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo eku. Òkété ń jẹ́ òkété, ẹmọ́ ń jẹ́ ẹmọ́, bẹ́ẹ̀ ni eliri kì í ṣe asín. Síbẹ̀ ohun kan ń gbé inú eku tí ojú ọdẹ kò lè rí.

Ní ọdún 1969, àìsàn àjèjì kan mú nọ́ọ̀sì ilé-ìwòsàn mísọ́n ní ìlú Lassa, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ó kú ní Jos. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ kú pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta yè, a sì gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí ni Jordi Casals àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ti rí fáírọ́ọ̀sì náà. Ó mú Casals fúnra rẹ̀. Omi inú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí ó yè yẹn ni a fà sí i lára, tí òun náà fi bọ́.

Nígbà tí àrùn náà jà ní Sàró ní 1972, a dẹ pàkúté, a sì bá fáírọ́ọ̀sì lára Mastomys, eku ọlọ́mú púpọ̀ tí ń wọlé tọ ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun nìkan ni a ń nà ní ìka.

Ní 2016 ni Ayodeji Olayemi ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn rí i lára eku igbó mìíràn, Hylomyscus pamfi, tí a mú ní Kako, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ọdún 2010 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ eku yìí lórúkọ. Bóyá àwọn ọdẹ ti sọ ọ́ tipẹ́. Igbó Benin àti ti apá ìhín ni ibùgbé rẹ̀, ẹnubodè kò sì dá eku dúró.

Ìròyìn Kako kò sọ pé àrùn wà ní Ẹ̀gùá. Ohun tí ó sọ ni pé kí a má ṣe bẹ̀rù eku inú ilé nìkan. Àìsàn kì í hàn lára eku, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì wà nínú ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó lè tọ̀ sórí láfún tí a sá. Iná ń pa á bí ẹran bá jinná dáadáa, àmọ́ ọwọ́ ọmọ tí ó la inú eku ti kan ẹ̀jẹ̀ kí ẹran tó dórí iná.

Ó tó ọjọ́ 6 sí 21 kí àìsàn tó yọjú, bí ibà lásán ni ó sì ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn ribavirin wà, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá tètè lò ó ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ara ọmọ bá gbóná, tí oògùn ibà kò ràn án, kí ìyá rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ eku tí ó pa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn fún nọ́ọ̀sì, bí nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ béèrè.