Ẹ Tò Ó Kí Ẹ Tó Pa Á Rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé kan sọ níbi ìpàdé àwọn akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìsìkàn, Àkúrẹ́

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìwé ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ilé. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Mo ti ṣe àṣìṣe kan tí n kò fẹ́ kí ẹ̀yin náà ṣe ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ìpàdé oṣù ku ọ̀la, kọ̀ǹpútà mi sọ pé kò sí àyè mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì rẹ́ bí ẹni ń gbálẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ "New2". N kò ṣí i wò. Inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó àti orúkọ àwọn onídùúró wà! Ohun tó yọ wá ni ìwé ìfowópamọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti lẹ́jà tí akápò ń fi ọwọ́ kọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá kan tó ń tajà lọ́jà Ìsìkàn bi mí pé, "Akọ̀wé, ṣé owó mi ṣì wà?" Ìbéèrè yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Kí ló ń gba àyè gan-an? Ní 1956, ilé iṣẹ́ IBM gbé ẹ̀rọ RAMAC jáde, èyí tó kọ́kọ́ lo dísìkì. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ nǹkan bíi lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ni ó lè gbà. Lónìí, fọ́tò kan ṣoṣo láti inú fóònù lè gba àyè tó bẹ́ẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú kan lè ju 100 mẹ́gábáìtì lọ. Ṣùgbọ́n ìwé owó ọmọ ẹgbẹ́ 100 kì í sábà tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fọ́tò kan. Nítorí náà, kì í ṣe ìwé owó ló ń kún kọ̀ǹpútà. Fídíò ìgbéyàwó àti fíìmù tí àwọn ọmọ gbà sínú rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a máa ṣe é báyìí:

1. Ẹ ṣí fódà kan fún ẹgbẹ́ nìkan. Ẹ pín in sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Nínú ọdún, ẹ ya ìfowópamọ́, ẹ̀yáwó àti àkọsílẹ̀ ìpàdé sọ́tọ̀. Ẹ fi ọdún àti oṣù bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì, bíi "2024-03 Eyawo"; wọn yóò to ara wọn.

2. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fláàṣì, kí ó wà ní ilé ẹlòmíràn, bíi ti akápò. Ẹ ṣí ẹ̀dà náà wò kí ẹ tó gbà pé ó pé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, nítorí gbèsè ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta.

3. Lórí Windows, ẹ lọ sí Settings, System, Storage. Yóò fi ohun tó ń gba àyè hàn yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Downloads àti fídíò, kí ẹ sì ṣí ohun tí kò bá dá yín lójú wò.

4. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ ṣì wà nínú Recycle Bin, ó ṣì ń gba àyè. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó dà á nù. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ lè dá a padà. Èmi da tèmi nù lóru ọjọ́ kan náà. Èyí tí ẹ bá sì pa rẹ́ lórí fláàṣì kì í sábà gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ má sì jù lẹ́jà nù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ akọ̀wé ni gbogbo ọwọ́ yòókù fi ìwé sí. Ẹni tó ń dá owó kò béèrè bí kọ̀ǹpútà wa ṣe tóbi tó. Bí owó rẹ̀ bá ṣì wà ló ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí a lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀.