Ìjábọ̀ Aṣojú fún Ará Àdúgbò: Ọ̀nà, Ọkọ̀, Ààbò àti Ìdàgbàsókè

  

Iṣẹ́ tí àwọn olùṣètò gbé lé wa lọ́wọ́ ni pé kí a sọ̀rọ̀ lórí ìjábọ̀ tí àwọn kánsílọ̀ àti alága ìjọba ìbílẹ̀ máa ń wá ṣe láàárín wa nípa ọ̀nà, ọkọ̀, ààbò àti ìdàgbàsókè ìlú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ni a fẹ́ sọ. A kò wá láti yin ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ni a kò wá láti bú ẹnì kan. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: ìjábọ̀ yàtọ̀ sí ìlérí. Ẹni tí a bá dìbò fún gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ àná hàn wá kí ó tó sọ ti ọ̀la.

Bí ìjábọ̀ ṣe máa ń rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Ìbàdàn kò ṣàjèjì sí wa. Wọn yóò ta àtíbàbà, wọn yóò pe onílù. Aṣojú yóò dìde, yóò ní a ti ṣe èyí, a ń ṣe ìyẹn, a ó sì ṣe tọ̀hún. Àwọn ènìyàn yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò gba ìrẹsì, wọn yóò sì túká. Bí ọdún mìíràn bá dé, ohun kan náà ni wọn yóò tún gbọ́.

Ní ilé kéú, ọmọ kì í fọ wàláà rẹ̀ kí ó tó ka èyí tí ó wà lára rẹ̀ fún olùkọ́. Bí ó bá kà á tí kò gún, a óò ní kí ó padà lọ tún un kà. Ìgbà tí ó bá kà á já ni yóò fọ wàláà, tí a óò wá kọ tuntun fún un. Bí ó ṣe yẹ kí ìjábọ̀ aṣojú rí náà nìyẹn. Kí á má ṣe bá a fọ wàláà tí kò ì kà.

1. Ta ni ó ni ọ̀nà?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, nítorí ẹni tí kò bá mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò ti lọ sin owó. Ìjọba mẹ́ta ni ó ń ṣe ọ̀nà ní ilẹ̀ wa. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ná Èkó sí Mọ́níyà, tí ó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 157, tí wọ́n sì ṣí ní oṣù kẹfà 2021, ti ìjọba àpapọ̀ náà ni. Àwọn ibùdókọ̀ ńlá tí ó wà ní Ìwó Road, Ọ̀jọ́ọ̀ àti Challenge, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó kọ́ wọn.

Èwo wá ni ti ìjọba ìbílẹ̀? Ìbàdàn nìkan ní ìjọba ìbílẹ̀ 11, 5 nínú ìgboro, 6 ní ẹ̀yìn odi. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ka iṣẹ́ wọn sílẹ̀ kedere: àwọn ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú títì, ọjà, páàkì ọkọ̀, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, kíkó ìdọ̀tí, títí dé fífi orúkọ sí àdúgbò àti nọ́ńbà sí ara ilé.

Nítorí náà, bí kánsílọ̀ bá dìde tí ó ń fi ọkọ̀ ojú irin yangàn, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ sì bi í léèrè gọ́tà. Bí ó bá sì ní àwọn ará Àbújá ni kò jẹ́ kí gọ́tà ẹ̀yìn ilé yín ṣeé ṣe, ẹ rán an létí pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣe òdodo. Bí kòtò bá wà lórí títì ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe kánsílọ̀ ni yóò fi owó tirẹ̀ dí i. Ohun tí a lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni lẹ́tà tí ó kọ sí àwọn tí ó ni ín, kí ó mú ẹ̀dà rẹ̀ wá kí á rí i.

2. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé òun kò san owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ojú ń rí. Epo tí kò tó 200 náírà fún lítà kan ti lé ní 480 náírà kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Kánsílọ̀ kò lè dá owó epo padà. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kì í ṣe ti epo nìkan. Awakọ̀ Micra tí kòtò bá ń já ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù, ara èrò ni yóò ti gbà á padà. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Micra kò ní wọlé mọ́ rárá, ọlọ́kadà nìkan ni yóò kù, owó tirẹ̀ sì ga ju ti Micra lọ. Bí aboyún bá wá ń rọbí lóru, orí ọ̀kadà ni yóò ha gùn bí? Ẹ rí i pé ẹrù yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ àti afárá kékeré kan lórí odò lè dín owó ọkọ̀ kù, ó sì lè gba ẹ̀mí méjì là.

3. Ọ̀rọ̀ ààbò

Bí a bá ti dárúkọ ààbò, olè ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Lóòótọ́, ó yẹ kí a bèèrè bí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020, ṣe ń bá àwọn ọdẹ àdúgbò ṣiṣẹ́ pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa, omi náà ti pa ènìyàn bí ọ̀tá ṣe ń pa. Àwọn àgbà kò lè gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 tún dé, ó lé ní 100 ènìyàn tí ó bá omi lọ, afárá sì wó káàkiri. Lẹ́yìn èyí ni ilé ìfowópamọ́ àgbáyé fọwọ́ sí yíyá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 fún iṣẹ́ omíyalé ní Ìbàdàn. Owó ńlá ni, ṣùgbọ́n kò sí owó tí ó lè dúró lẹ́nu gọ́tà ilé kọ̀ọ̀kan kí ó máa kó ọ̀rá jáde.

Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kéú mọ ohun tí à ń sọ. Bí òjò bá ti ṣú ní ìrọ̀lẹ́, a óò máa rò ó bóyá kí á tètè tú àwọn ọmọ tí ó ń gba ojú odò kọjá sílẹ̀, tàbí kí á dá wọn dúró títí omi yóò fi fà. Bí a bá tú wọn sílẹ̀, àyà wa ń já. Bí a bá dá wọn dúró, àyà àwọn ìyá wọn ń já. Nítorí náà, kí ìjábọ̀ sọ fún wa ní oṣù kejì ọdún, kí òjò tó dé, gọ́tà èwo ni wọ́n ti kó, afárá èwo ni wọ́n ti yẹ̀ wò, ta ni ó sì gba àwọn kan láyè láti kọ́lé sí etídò.

Ẹ tún rántí Bódìjà, ọjọ́ 16 oṣù kìíní 2024. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé ni ó bú, tí ẹ̀mí fi ṣòfò tí ọ̀pọ̀ ilé sì wó. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Kí aṣojú sọ ibi tí ará àdúgbò lè mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ìbẹ̀rù.

Ti ojú pópó náà wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, kí ìjọba àpapọ̀ tó dá ti gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ìlú tí ó ti rí irú iṣẹ́ báyìí tipẹ́, kò yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní etí títì níbẹ̀ láìsí ohun tí yóò mú ọkọ̀ rọra.

4. Ọ̀rọ̀ owó

Fún ọdún pípẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé gómìnà ni ó di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn, àti pé àwọn tí a dìbò yàn nìkan ni ó gbọdọ̀ máa ṣàkóso rẹ̀. Nítorí náà, kí ìjábọ̀ ní owó nínú: èló ni ó wọlé, èló ni ó jáde, kí ni a fi ṣe, èló ni ó kù. Ìjábọ̀ tí kò ní owó nínú, ìtàn ni.

5. Ti àwa ará àdúgbò

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ wà fún àwa náà. Ìkínní, kí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ra ìwé ńlá kan, kí akọ̀wé máa kọ gbogbo ohun tí aṣojú bá sọ pé òun yóò ṣe, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó dá. Bí ó bá tún padà wá, inú ìwé yẹn ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, kí á yé gbé ìnáwó ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú lọ bá kánsílọ̀. Ẹni tí ó ti gba àpò ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀ lánàá, báwo ni ohùn rẹ̀ yóò ṣe là lónìí láti béèrè gọ́tà? Ìkẹta, kí á má ṣe fi ìpàdé sílẹ̀ fún ọkùnrin nìkan. Àwọn ìyá tí ó ń ru ẹrù lọ sí ọjà ni ó mọ kòtò tí ó jìn jù. Ìkẹrin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ilẹ̀ sínú gọ́tà mọ́. Ẹ̀sìn wa kọ́ wa pé mímú ohun tí ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá kúrò lójú ọ̀nà, ara ìgbàgbọ́ ni. Bí mímú un kúrò bá jẹ́ ìgbàgbọ́, kí ni dídà á sí ibẹ̀?

Àmánà ni ipò tí aṣojú wà. Àmánà sì ni ìbò tí a fi gbé e débẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́, kí á dìde dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, kí ó lè rí agbára ṣe sí i. Ẹni tí kò bá tí ì ṣe é, kí á fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé kí ó padà lọ ka wàláà rẹ̀ wá.

Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí ìlú wa tòrò, kí ó dáàbò bo àwọn ọmọ wa lójú ọ̀nà àti lójú omi, kí ó sì fi ẹni tí yóò gbọ́ tiwa ṣe olórí fún wa. Àmín.