Ta Ló Rán Ọ Níṣẹ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọjọ́ Iwájú Íméèlì



Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Aláàfin bá fẹ́ ránṣẹ́, ìlàrí ló ń rán. Apá kan orí ìlàrí ni wọ́n máa ń fá, kí ẹni tó bá rí i ti mọ ẹni tó rán an kó tó la ẹnu. Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ránni níṣẹ́ yìí gan-an ni ọjọ́ iwájú íméèlì rọ̀ mọ́.

Ní ọdún 1971, ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, Ray Tomlinson fi íméèlì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ lórí ARPANET, láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn tó wà nítòsí rẹ̀. Àmì @ ló fi pààlà sáàárín orúkọ ènìyàn àti orúkọ kọ̀ǹpútà, torí àmì náà kì í sí nínú orúkọ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di 1982, Jon Postel kọ ìlànà SMTP, èyí tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ara wọn títí di òní.

Ìlànà yìí ní ẹwà kan. Kò ní olówó. Ẹni tó wà lórí Gmail lè kọ̀wé sí ẹni tó wà ní ibòmíràn láìtọrọ ààyè. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: kò bi ìránṣẹ́ pé, "Ta ló rán ọ?" Àwọn tó ń lò ó nígbà náà kò pọ̀. Nígbà tí ayé wọ inú rẹ̀, olè wọlé pẹ̀lú orúkọ olórúkọ. Ojú àwa náà ti rí i. Ṣebí láti ìdí íméèlì ni "ọmọ yahoo" ti wọ èdè wa.

Wọ́n ti ń tún un ṣe. Òǹtẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DKIM ń jẹ́rìí sí ilé tí lẹ́tà ti jáde. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, Google ti ń béèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fi 5,000 lẹ́tà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lórí Gmail lóòjọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ti ń kọ lẹ́tà tó dán mọ́rán fún àwọn gbájúẹ̀ báyìí; àṣìkọ kò lè tú wọn fó mọ́.

Àwọn kan ní íméèlì ti kú, pé WhatsApp ti pa á. N kò gbà. Ìtàkúrọ̀sọ ló kó lọ sí WhatsApp, ó sì yẹ ẹ́ níbẹ̀. Ìwé ìgbaniwọlé, ìwé ìrìnnà ọkọ̀ òfurufú àti ìwé báńkì ṣì ń gba ọ̀nà íméèlì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí àyẹ̀wò ṣe ń le sí i, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá díẹ̀ lè di oníbodè, kí ọ̀nà tí kò ní olówó wá di tiwọn.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ bí a ṣe ń dá ilé íméèlì sílẹ̀, kí a sì máa bójú tó tiwa fúnra wa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun nínú lẹ́tà tó bá dé bá yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ta ló rán ọ níṣẹ́?